Jíìpù Nìkan Kọ́ Ló Lè Wọ Ìgbẹ́ Bantè àti Savalou

Bí ọmọ Bantè kan bá sọ ní Kútọnu pé òun fẹ́ wa mọ́tò òun dé abúlé kan lẹ́yìn Akpassi nínú oṣù kẹjọ, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé jíìpù ta ni ó yá. Wọn kò ní bi í pé irú táyà wo ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní bi í bóyá òjò rọ̀ lánàá. Ìgbàgbọ́ náà ti jinlẹ̀ jù: ọ̀nà yangí, ẹrẹ̀ àti òkúta ẹkùn Collines ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Land Cruiser ló ni ín. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀, kó wọ tasí dé ojú títì, kó sì bá oní-zémídján, ọlọ́kadà ibẹ̀, ṣe ìyókù.

Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń náni lówó ni. Mọ́tò ẹ̀yìn gígùn, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní stéṣọ̀n wágọ̀n tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ sì ń pè ní break, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ikùn rẹ̀ sì ga tó 20 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, ó tó fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀nà tí mọ́tò ní iṣẹ́ kan láti ṣe níbẹ̀ ní Bantè àti Savalou. Ibi tí kò bá lè dé, ó ṣọ̀wọ́n kí jíìpù náà ní ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya títì sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbẹ́, nítorí àwọn tó ń tan ìgbàgbọ́ yìí kálẹ̀ a máa pa méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà ńlá tó gba Ìdàáṣà kọjá sí Savalou, tó gba Bantè lọ sí Bassila àti Djougou, títí dé Natitingou àti ẹnubodè Burkina Faso ní Porga, ọ̀nà ọlọ́dà ni. Láti Kútọnu dé Savalou kò ju nǹkan bí 230 kìlómítà lọ, mọ́tò èyíkéyìí tí bíréèkì rẹ̀ bá mú yóò sì dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdọọdún, tí Savalou bá ń ṣe ọdún iṣu, tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ àti lókè òkun bá wọlé wá, jíìpù a máa tò gbọọrọ ní ìgboro. Táyà wọn a mọ́ tónítóní. Ọ̀dà ni wọ́n gùn wá, ọ̀dà ni wọn yóò gùn padà. Síbẹ̀, ọmọdé tó dúró tó ń wò wọ́n á gbà lọ́kàn rẹ̀ pé irú ọkọ̀ yìí nìkan ló lè dé ìlú òun. Tasí Toyota àtijọ́ tó kó èrò méje lọ́jọ́ kan náà, ọ̀nà kan náà ló gbà. Kò kàn sí ẹni tó yà á ní fọ́tò ni.

Ẹjọ́ gidi wà lẹ́yìn títì. Ní ìhà Savalou, ó wà ní àwọn ọ̀nà inú tó lọ sí Doumè, Tchetti àti Djaloukou, níbi tí àwọn Ifẹ̀ gbé wà, tí ilẹ̀ Tógò sì súnmọ́ tòsí. Ní ìhà Bantè, láàrin àwọn Iṣà, ó wà ní àwọn ọ̀nà oko lẹ́yìn Akpassi, Agoua àti Lougba. Láti ibẹ̀ ni iṣu, kajú, sóyà àti òwú ti ń jáde. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ni ọ̀nà wọ̀nyí. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò á sọ yangí di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó rọrùn.

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá? Ojú ló gbà wọlé. Land Rover jáde ní 1948, Toyota sì tẹ̀lé e pẹ̀lú Land Cruiser ní àwọn ọdún 1950. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fi àṣẹ wọ abúlé, ìbáà jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ dókítà alábẹ́rẹ́ àjẹsára, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ àjọ aṣèrànwọ́, inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà ní Gibraltar, Toyota Gibraltar Stockholdings, tó jẹ́ pé àwọn àjọ aṣèrànwọ́ káàkiri ayé ló ń ta ọkọ̀ fún. Àjọ tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀ fẹ́ irú ọkọ̀ kan ṣoṣo tí mẹkáníìkì mọ̀ láti Sùdáànù dé Afgánístánì, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì yàtọ̀ níbi kankan. Ọgbọ́n ọjà nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n nítorí pé àjọ kan ra 4x4 fún òkè Afgánístánì, ọ̀nà Doumè kò tìtorí ẹ̀ di òkè Afgánístánì.

Kí jíìpù tó di ohun àfiṣàpèjúwe ọlá, Peugeot 504 ló ń gbé èrò àti ẹrù ní ilẹ̀ yìí. Oṣù kẹsàn-án 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Stéṣọ̀n rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1970. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n fa àárín táyà iwájú sí tẹ̀yìn gùn dé mítà 2.90, nígbà tí ti 504 àkọ́kọ́ jẹ́ 2.74, wọ́n sì fi sípíríìnì mẹ́rin sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, méjì-méjì lápá kọ̀ọ̀kan, kí ó lè ru ẹrù láì fi ìdí gbálẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Familiale ní ìjókòó ìlà mẹ́ta fún ènìyàn méje. Ní gáréèjì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, méje kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni kà sí òfin. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní Kaduna, ni Pijó bá di ọkọ̀ àwọn onímọ́tò láti ìhín títí dé Ṣókótó. Àpò iṣu a wà lórí rẹ̀, adìẹ a so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì fi ẹrẹ̀ wọ abúlé. Táyà ẹ̀yìn méjì péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fà.

Ẹni tó bá rò pé ìtàn àtijọ́ lásán nìyí, kó wo ìdíje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Láti 1953 ni wọ́n ti ń sáré náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi sá a ní àkókò Àjíǹde, nígbà tí òjò ńlá sábà máa ń sọ ilẹ̀ pupa ibẹ̀ di àbàtà, lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Peugeot 404 borí ní 1963, ó sì gbà á léra wọn ní 1966, 1967 àti 1968. Peugeot 504 gbà á ní 1975 àti 1978. Audi Quattro, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, wọ ìdíje àgbáyé ní 1981, gbogbo ayé sì kéde pé ìgbà ọkọ̀ onítáyà méjì ti parí. Ní Kẹ́ńyà kò parí: Datsun, Opel àti Toyota tí ẹ́ńjìnnì wọn ń fa táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń gba ife náà títí di 1986. Ìgbà tí onítáyà mẹ́rin borí nígbẹ̀yìn, ní 1987, Audi 200 ni Hannu Mikkola wà, ọkọ̀ ìrọ̀rùn tí lọ́yà tàbí ọ̀gá báńkì lè máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Láti 1953 títí di 2002, kò sí jíìpù kan ṣoṣo tó gba ife Safari.

Ẹlòmíràn á ní awakọ̀ ìdíje kì í ṣe ẹgbẹ́ dírẹ́bà lásán, mẹkáníìkì sì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1973, àwọn ọ̀dọ́ tí kì í ṣe awakọ̀ ìdíje ló gun Citroën 2CV láti Abidjan lọ sí Tunis, nǹkan bí 8,000 kìlómítà, tí wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà já. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò ju 602 cc lọ, alùpùpù ńlá a máa ní jù bẹ́ẹ̀.

Stéṣọ̀n onítáyà mẹ́rin fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré tí àwọn olówó dá sílẹ̀. Ẹni tó ti jìyà nínú jíìpù ló béèrè fún un. Ní àríwá Japan, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná mànàmáná Tohoku ń gun jíìpù lọ tún wáyà ṣe lórí òkè nígbà yìnyín. Jíìpù náà ń gbé wọn dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù àti gbígbọ̀n rẹ̀ ń pa wọ́n. Wọ́n béèrè fún ọkọ̀ tó lè gun òkè náà bíi jíìpù, tí ènìyàn sì lè jókòó sínú rẹ̀ bíi ènìyàn. Àwọn ará Subaru mú stéṣọ̀n kékeré wọn, wọ́n so táyà ẹ̀yìn mọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n pàtẹ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1971, ọdún kejì ni stéṣọ̀n Leone onítáyà mẹ́rin sì dé ọjà. Ní Amẹ́ríkà, AMC Eagle tẹ̀lé e ní 1979. Ní Alsace, Henry Dangel mú Peugeot 504 tí gbogbo Áfíríkà mọ̀, ó gbé e ga, ó sì fún un ní táyà mẹ́rin tó ń fà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Toyota náà kó Tercel, Corolla àti Caldina onítáyà mẹ́rin jáde. Ìgbà tí Subaru gbé Outback dé ní àárín àwọn ọdún 1990, Volvo àti Audi sáré tẹ̀lé e. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí irú ọkọ̀ yìí ti wà. Tí wọ́n bá ń pè é ní àṣà tuntun ní Kútọnu, Kútọnu ló pẹ́ kó tó gbọ́.

Kí ni táyà mẹ́rin náà ń ṣe gan-an? Nínú mọ́tò lásán, bí táyà kan nínú méjì tí ẹ́ńjìnnì ń fà bá wọ ẹrẹ̀, gbogbo agbára ni yóò sá lọ sọ́dọ̀ èyí tó ń yí lásán, èkejì tó wà lórí ilẹ̀ líle kò ní rí nǹkan gbà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí èyí tó wà lẹ́yìn rí ilẹ̀ dì mú kí ti iwájú tó rì. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láìpẹ́, kọ̀ǹpútà a tún máa tẹ bíréèkì mọ́ táyà tó ń yí lásán kí agbára lè kọjá sí òmíràn. Lórí ọ̀nà yangí tó ń yọ̀, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó kọjá àti ẹni tó dúró pe àwọn ọmọ abúlé.

Gíga ńkọ́? Níbí ni àwọn onígbèéraga jíìpù máa ń pariwo jù, níbí náà ni ìwọ̀n fi ń dá wọn lẹ́jọ́. Ikùn Outback tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ga tó nǹkan bí 22 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Ikùn Land Cruiser Prado 150, èyí tí àwọn ọ̀gá ìjọba fẹ́ràn jù, nǹkan bí 22 náà ni. Ara rẹ̀ ló ga, orí rẹ̀ ló ga, ìjókòó rẹ̀ ló ga. Òkúta àárín ọ̀nà kò sì mọ̀ pé orí ọ̀gá ga.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ tan ara wa: jíìpù tòótọ́ ní ohun tí stéṣọ̀n kò ní. Ó ní gíà kékeré kejì tó ń jẹ́ kó rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára ńlá. Ṣásì irin ló gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kí ara rẹ̀ má yí, imú rẹ̀ kúrú débi tó lè kojú bèbè gíga. Ẹni tó ń fa tọ́rélà, tó ń ru ẹrù tọ́ọ̀nù kan, tàbí tó ń gun àpáta òkè Savalou nítorí iṣẹ́ òpó ìbánisọ̀rọ̀, jíìpù ni kó rà. Stéṣọ̀n kì í sábà ru ju nǹkan bí 400 sí 500 kílò lọ, àti ènìyàn àti ẹrù. Ẹni tó bá di ènìyàn márùn-ún sínú rẹ̀, tó wá to àpò gàrí mẹ́rin sórí rẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba gíga ikùn ọkọ̀ náà padà. Àti pé irin tó so táyà ẹ̀yìn mọ́ iwájú nínú ọ̀pọ̀ stéṣọ̀n a máa gbóná bí dírẹ́bà bá ń tẹ iná mọ́ ọn lójú kan nínú iyanrìn. Bí ó bá gbóná jù, yóò jáwọ́. Mélòó nínú àwọn tó ń gun Prado láti Kútọnu ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn kò fọwọ́ kan gíà kékeré yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀.

Ohun tó ń dá mọ́tò dúró lẹ́yìn Akpassi ní oṣù kẹjọ kò sí nínú orúkọ ọkọ̀. Ipa táyà lọ́rì ni àkọ́kọ́. Iṣu tuntun ń jáde nígbà tí òjò ń lọ lọ́wọ́, lọ́rì á wọlé wá kó o, yóò sì gbẹ́ ipa méjì sínú ilẹ̀ rírọ̀, tó jẹ́ pé ikùn ọkọ̀ kékeré á gúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ àárín. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń gbé ìdènà òjò kọjá ojú ọ̀nà yangí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àdúgbò yìí, kí ọkọ̀ ńlá dúró títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Dírẹ́bà stéṣọ̀n tó gbọ́n kì í wọ inú ipa náà. Á fi táyà kan gun àárín, ìkejì á gun ẹ̀gbẹ́. Omi ni ìkejì. Odò tí a kò fi ẹsẹ̀ wọ̀ wò, a kì í fi mọ́tò wọ̀ ọ́: kí ẹnìkan bọ́ sílẹ̀, kó mú igi lọ́wọ́, kó wo ibi tó dé lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti bí ìsàlẹ̀ ṣe le tó. Bí ó bá kọjá orúnkún tí ó sì ń sáré, kí gbogbo wọn jókòó sábẹ́ igi. Ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ibẹ̀ ń fà láàrin wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn òjò. Jíìpù tí kò dúró ni odò ń gbé lọ, kì í ṣe stéṣọ̀n tó dúró.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìyọnu yí padà: ojú ọ̀nà á ká bíi páànù, á sì máa gbọn ènìyàn títí eyín yóò fi máa dún. Àwọn olùgbèjà jíìpù ní ọkọ̀ wúwo nìkan ló ń gba èyí. Ní 2007, àwọn onímọ̀ físíìsì Nicolas Taberlet, Stephen Morris àti Jim McElwaine yí táyà kan lórí iyanrìn nínú ilé ìwádìí wọn. Wọ́n rí i pé bí eré bá ti kọjá ìwọ̀n kan, páànù náà á hù fúnra rẹ̀, kódà bí táyà náà kò bá ní sípíríìnì kankan. Eré ló ń bí i, a ò sì lè fi ìwúwo pa á. Ṣọ́ọ̀kì tó ṣì le àti afẹ́fẹ́ táyà tí a dín díẹ̀ ni oògùn rẹ̀, àti sùúrù. Dírẹ́bà jíìpù tó ń sá ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀ kò gbọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Ìgbà tó bá fẹ́ tẹ bíréèkì fún ewúrẹ́ ni yóò mọ̀ pé táyà òun kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Bíréèkì kò sì mọ iye táyà tí ẹ́ńjìnnì ń fà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gbogbo mọ́tò fi ń dúró.

Àwáwí tó kù fún wọn ni ààbò: pé nínú ọkọ̀ gíga ni ọkàn ènìyàn ti ń balẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2000, Firestone pe táyà tó tó mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lẹ́sẹ̀ Ford Explorer, jíìpù tí àwọn ìdílé ibẹ̀ fẹ́ràn jù nígbà náà. Táyà á gbóná lórí eré, awọ rẹ̀ á bó, ọkọ̀ gíga náà á sì yí gbirigbiri. Ó lé ní 200 ènìyàn tí wọ́n so ikú wọn mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń fi táyà àlòkù tó ti gbó gun jíìpù nínú oòrùn oṣù kẹta láti Kútọnu dé Bantè, kó má sọ̀rọ̀ ààbò. Stéṣọ̀n tó sún mọ́lẹ̀ kì í tètè yí. Bí ó bá sì rì, ó fúyẹ́ ju Land Cruiser 200 lọ ní nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan. Ọ̀dọ́ mẹ́fà á ti Outback jáde, ti Land Cruiser á pe tírákítọ̀. Epo tó ń mu náà kéré, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí kpayo, epo Nàìjíríà tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ti gbówó lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú stéṣọ̀n yìí ní ọjà àlòkù Kútọnu, kó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kó tó wo pẹ́ǹtì. Àwọn kan a máa yọ irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn nítorí pé ó bàjẹ́, wọ́n á sì fi àmì AWD sílẹ̀ lára ọkọ̀. Onítáyà méjì ni oníbàárà rà nìyẹn. Kó wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bí wọn kò bá dọ́gba ní ìwọ̀n àti ní gbígbó, irin àárín tó so táyà ẹ̀yìn mọ́ iwájú yóò máa bá ara rẹ̀ jà ní gbogbo ìrìn, kò sì ní pẹ́ kó jó. Lẹ́yìn náà, kó wà á sójú ọ̀dà, kó yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin, kó rìn jẹ́jẹ́ yípo lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ń fà sẹ́yìn tàbí tó ń ta gìrì, irin àárín ti lẹ̀ pọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá sì kọ̀ kó dán an wò bẹ́ẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún un. Carina onítáyà méjì tí ara rẹ̀ pé sàn jù ú lọ fún ọ̀nà Tchetti.